Bí a ṣe ń dá irin lu láìsun bíìtì: lílo dírìlì àti ìtọ́jú rẹ̀

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ bá fẹ́ dá irin lu, ẹwìrì ni ó kọ́kọ́ ń fi fẹ́ iná títí irin náà yóò fi pọ́n rokoṣo, kí ó tó gbé e ka orí owú, tí yóò sì fi ọmọ owú gbá irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wọ inú rẹ̀. Ooru ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Dírìlì tí à ń lò lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ooru ni ọ̀tá rẹ̀, àti pé láti orí ìyára ẹ̀rọ títí dé orí epo tí a ń kán sójú ihò, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín kò ju bí ẹnu bíìtì, irin ẹlẹ́nu mímú tí dírìlì ń yí wọ inú irin, kò ṣe ní gbóná kọjá agbára rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jẹ irin.

Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Láfẹ́ńwá dé Ìta-Ọ̀ṣìn, kò sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí ènìyàn yóò yà sí tí kò ní bá dírìlì kan níbẹ̀, ó kéré tán èyí tí a ń fọwọ́ mú. Géètì ń fẹ́ ihò, ìdúró táǹkì omi ń fẹ́ ihò, irin tí ó gbé òrùlé ilé ìtajà ró náà ń fẹ́ ihò. Ohun tí mo sì sábà máa ń rí ni pé wọ́n á tẹ dírìlì náà dé òpin agbára rẹ̀, bíìtì á máa pariwo fíì-fíì, èéfín á máa rú, ọmọ-iṣẹ́ á fi àyà tì í lẹ́yìn, nígbà tí yóò bá sì fi di ìṣẹ́jú márùn-ún, orí bíìtì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ihò kò sì tíì jìn ju èékánná lọ.

Ọmọ-iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ mi ti gbé irú bíìtì bẹ́ẹ̀ wá bá mi rí. Ó ní, "Ọ̀gá, bíìtì tí ẹ rà yìí, ayédèrú ni o." Mi ò dá a lóhùn. Mo gba bíìtì náà, mo pọ́n ẹnu rẹ̀ kọjá ibi tí ó ti jóná, mo gbé bẹ́líìtì dírìlì orí tábìlì sí ibi tí yóò ti máa yí jẹ́jẹ́, mo kán epo sí i, mo sì fi dá ihò mẹ́rin lu nínú irin kan náà tí ó ti dá a lágara. Ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, èmi náà ti rà á rí, ṣùgbọ́n bíìtì tí a fi ọwọ́ ara wa sun pọ̀ ju ayédèrú lọ.

Irú dírìlì tí ó wà

Dírìlì ọwọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, ẹnu rẹ̀, tí à ń pè ní ṣọ́kì, kì í sì sábà gba bíìtì tí ó ju mílímítà 13 lọ. Bí ó bá ní àmì òòlù lára, èyí tí a fi ń lu ògiri, ẹ rí i pé ẹ yí i kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fi kan irin, nítorí lílù yẹn yóò bu etí bíìtì jẹ. Dírìlì orí tábìlì ní òpó, ó ní àwo tí a ń gbé iṣẹ́ lé, ó ní apá tí a ń fà wálẹ̀, ó sì ní bẹ́líìtì tí a lè gbé láti ojú púlì kan, kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀, bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀kẹta ni dírìlì oní-mágínẹ́ẹ̀tì, tí ó ń fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, tí àwọn tí ó ń kọ́ afárá àti ilé onírin ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Bí owó ẹnìkan bá ká ẹyọ kan péré, tí ó sì jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, dírìlì orí tábìlì ni èmi yóò ní kí ó rà, bó tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, nítorí kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè mú bíìtì dúró ṣánṣán bí òpó irin.

Ìyára ni ọ̀pọ̀ ń ṣì

Ẹ wo ọmọdé méjì tí wọ́n ń di ọwọ́ ara wọn mú sáré yí igi kan po. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kàn ń rìn ni, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lóde ń sáré tete, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn méjèèjì jọ yí igi po. Bí etí bíìtì ṣe rí nìyẹn. Bí bíìtì bá ṣe tóbi tó ni ọ̀nà tí etí rẹ̀ ń rìn nínú ìyípo kan ṣe ń gùn tó, ìdí sì nìyí tí bíìtì ńlá fi gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí tín-ń-tín lè máa sáré.

Fún irin ọ̀gbẹrẹ tí à ń fi ṣe géètì àti áńgù áyọ̀n, pẹ̀lú bíìtì HSS (high-speed steel, irú irin líle tí ń fara da ooru) tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, ìṣirò kan wà tí ó rọrùn láti há sórí: ẹ fi ìwọ̀n bíìtì, ní mílímítà, pín 8000, ohun tí ó bá jáde ni iye ìgbà tí ó yẹ kí ó yí ní ìṣẹ́jú kan. Bíìtì mílímítà 5 yóò yí ní 1600, mílímítà 10 yóò yí ní 800, mílímítà 20 yóò sì yí ní 400. Ìṣirò yìí ń mú kí etí bíìtì máa rin nǹkan bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n tí HSS lè gbà láìsí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ irin sitéńléèsì, èyí tí kì í tètè dípẹtà, 4000 ni kí ẹ pín, èyí tí ó sọ mílímítà 10 di 400 péré. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ lè pín 20000. Fún irin dídà, bí irú ti búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì, iye tí ẹ ó pín kò yẹ kí ó kọjá 6000. Bí ìṣirò bá wá bọ́ sáàárín ìyára méjì tí ẹ̀rọ yín ní, ẹ mú èyí tí ó kéré.

Lórí dírìlì orí tábìlì, púlì ni ó ń pinnu ìyára. Mọ́tò rẹ̀ sábà máa ń yí ní nǹkan bí 1400 ní ìṣẹ́jú kan lórí iná tiwa, tí í ṣe 50 Hz. Ẹ fi ìbú púlì ti mọ́tò sọ 1400 di púpọ̀, kí ẹ sì fi ìbú púlì ti ṣọ́kì pín in. Púlì mọ́tò tí ó jẹ́ mílímítà 50 pẹ̀lú ti ṣọ́kì tí ó jẹ́ 125 yóò fún wa ní 560. Bí púlì kẹta bá wà láàárín, ẹ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ti lẹ àtẹ ìyára mọ́ inú ìdérí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n nínú tòkunbọ̀, ìwé yẹn ti lè ya dànù, nítorí náà kò burú kí ẹ fi máàkà kọ tiyín síbẹ̀.

Dírìlì ọwọ́ ni ó le díẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè yí ju 2500 lọ bí a bá tẹ̀ wọ́n dé òpin, ìyára tí ó jẹ́ pé bíìtì mílímítà 3 nìkan ni ó bá mu. Bí ó bá ní gíà méjì, gíà kìn-ín-ní ni ti irin. Bí kò bá ní, ìka yín ni gíà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju ìdajì lọ.

Bí ẹ bá ti wá dín ìyára kù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bíìtì tí ó ń yí tí a kò tì wọ inú irin kò gé nǹkan kan, ó kàn ń ha ojú irin ni, híha yẹn gan-an ni ó sì ń mú ooru wá. Ó burú jù lọ lára sitéńléèsì, nítorí ojú rẹ̀ máa ń le sí i bí a bá ha á láìgé e, tí bíìtì tí ó dára pàápàá kò fi ní lè wọlé mọ́ níbi kan náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lára sitéńléèsì, ẹ má ṣe dáwọ́ títẹ̀ dúró nígbà tí bíìtì ṣì ń yí nínú ihò. Ẹ tẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Kí a tó tan ẹ̀rọ

Ẹ wọ awò ìdáàbòbò. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí dírìlì tí ń yí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń wọ̀ ọ́ nídìí jíjó irin, nítorí bí fọ́nrán irin bá kọ́ aṣọ ìbọ̀wọ́, yóò fa ìka lọ pẹ̀lú rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Apá bùbá tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́, okùn fìlà, gèlè, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka, gbogbo wọn ni kí a mú kúrò níbẹ̀.

Ẹ de iṣẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú fáìsì tàbí kiláǹpù, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ òsì di pẹ́léètì kékeré kan mú nítorí pé ihò ẹyọ kan ló kù, oníṣẹ́ sì ń kánjú. Bí bíìtì ṣe fẹ́ yọ sí òdìkejì, ó gán, pẹ́léètì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú rẹ̀ bí abẹ fáànù. Àpá rẹ̀ wà lórí àtàǹpàkò mi títí di òní. Bí irin bá gùn, ẹ jẹ́ kí ìrù rẹ̀ wà ní apá òsì òpó dírìlì, kí ó lè jẹ́ pé bí ó bá já gbà lọ́wọ́ yín, òpó ni yóò lọ gbá, kì í ṣe ikùn yín.

Ṣọ́kì ní ihò mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀kan péré ni a ń fún. Ẹ fún un ní ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíìtì yóò sì dúró gírí láìyọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò. Èmi ti fi okùn so tèmi mọ́ ara ògiri, okùn náà kò sì gùn tó láti jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ dúró nínú ṣọ́kì bí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a mú pẹ́léètì ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ìdúró táǹkì, tí ó nípọn ní mílímítà 10, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mílímítà 200, tí a fẹ́ fi bóòtù M12 mẹ́rin, tí ìbú wọn jẹ́ mílímítà 12, dè mọ́ kọnkéré. Bóòtù M12 kò ní wọ ihò mílímítà 12 lẹ́nu iṣẹ́ irú èyí, ó ń fẹ́ àyè díẹ̀ kí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bá bóòtù tí ó ti wà nínú kọnkéré pàdé, nítorí náà mílímítà 14 ni a ó lù ú.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun tí a fi ń kọ̀wé pa ojú irin, kí ẹ sì fi irin ẹlẹ́nu mímú fa ìlà méjì tí wọ́n dábùú ara wọn ní mílímítà 35 láti etí kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìlà ti pàdé ni a ó gbé sẹ́ńtà pọ́ńṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a ń fi òòlù lù, lé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń lù ú: àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́, kí a lè bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó wà lójú àmì, èkejì ní agbára, kí kòtò rẹ̀ lè gba ẹnu bíìtì. Bí èyí àkọ́kọ́ bá yẹ̀, ẹ dagun pọ́ńṣì sí apá ibi tí ó yẹ kí ó lọ, kí ẹ sì lù ú padà síbẹ̀. Bíìtì tí kò rí kòtò yóò máa rìn kiri lórí irin bí ọ̀mùtí ni.

Bíìtì mílímítà 5 ni ó kọ́kọ́ ń ṣíwájú, ní ìyára 1600 tàbí èyí tí ó súnmọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni pé àárín ẹnu bíìtì ńlá kò ní etí tí ń gé. Ìlà kúkurú kan ni ó wà níbẹ̀ tí ó kàn ń tẹ irin mọ́lẹ̀. Bí ihò kékeré bá ti wà níbẹ̀, ìlà yẹn kò ní rí irin tẹ̀, gbogbo agbára yín yóò sì lọ sí ibi tí gígé wà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ihò ìṣíwájú di ńlá jù: bí ẹ bá lo mílímítà 10 kí ẹ tó lo 14, igun etí bíìtì nìkan ni yóò máa kan irin, yóò máa gán, yóò sì máa bu.

Nísinsìnyí ẹ gbé bẹ́líìtì sí 560. Ẹ gbé pákó sábẹ́ pẹ́léètì kí bíìtì má bàa lu àwo dírìlì. Ẹ kán epo, ẹ fà á wálẹ̀, kí ẹ sì máa wo ohun tí ń jáde, nítorí fọ́nrán irin ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń jáde ní fọ́nrán méjì tí ó dọ́gba, tí ó lọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì ṣí, tí ó sì ń dán bíi fàdákà, ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ. Bí apá kan nìkan bá ń jáde, etí bíìtì kan gùn ju èkejì lọ, ihò náà yóò sì tóbi ju ìwọ̀n lọ. Bí fọ́nrán bá di aláwọ̀ búlúù, ẹ ti gbóná jù. Ẹ dín ìyára kù, kí ẹ sì fi epo kún un. Bí ó bá ń jáde bíi lẹ́búlẹ́bú lára irin ọ̀gbẹrẹ, bíìtì yín kò mú mọ́, híha ni ó ń ha. Lára irin dídà, lẹ́búlẹ́bú ni ó yẹ kí ó jẹ́, gbígbẹ ni a sì ń lù ú láìsí epo.

Ní ti epo, ti gígé irin tí wọ́n ń pò mọ́ omi dára, ọ̀kan nínú epo sí ogún nínú omi, ó sì tutù ju gbogbo wọn lọ. Epo ẹ́ńjìnì tuntun díẹ̀ yóò ṣe é fún iṣẹ́ kéékèèké, àdín náà ń ṣe é, òórùn rẹ̀ nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Epo ẹ́ńjìnì tí a ti lò tẹ́lẹ̀ ni mo kọ̀, ó wọ́pọ̀ lóòótọ́, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n nǹkan tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara wà nínú rẹ̀, a kì í sì í wẹ ọwọ́ wa bó ṣe yẹ. Omi lásán máa ń tutù, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ ó rí ìpẹtà lórí àwo dírìlì.

Lẹ́yìn mílímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé bíìtì sókè díẹ̀ kí èérún lè bọ́ jáde, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe ẹnu. Nígbà tí bíìtì bá fẹ́ yọ sí ìsàlẹ̀, ohùn ẹ̀rọ yóò yí padà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọ ọwọ́ yín, nítorí ibẹ̀ ni bíìtì ti ń gán, ibẹ̀ náà ni ó ti ń kán. Tí ihò bá ti yọ tán, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí bíìtì kan tí ó tóbi ju ihò náà lọ lójú rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, láti fi mú etí irin mímú tí ó yọ lẹ́nu ihò kúrò. Etí yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́ṣà jókòó dáadáa.

Pípọ́n bíìtì

Iṣẹ́ yìí ni ó ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ nínú ọmọ-iṣẹ́, kò sì le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹnu bíìtì tí à ń lò fún irin lásán ní igun dígírì 118, tí ó túmọ̀ sí 59 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ṣe fún sitéńléèsì àti irin líle sábà máa ń jẹ́ 135. Bí ẹ kò bá ní ohun ìwọ̀n, ẹ mú nọ́ọ̀tì méjì onígun mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ wọn pẹlẹbẹ kan ara wọn. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn lókè jẹ́ dígírì 120 géérégé. Ẹ fi ẹnu bíìtì sínú rẹ̀ kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbì kan, ibi tí bíìtì ti ń kan nọ́ọ̀tì ni ó kù kí ẹ pọ́n. Èmi ti jó nọ́ọ̀tì méjì mọ́ra, wọ́n sì wà lórí gíríńdà mi láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ di bíìtì mú kí etí rẹ̀ tí ń gé wà ní ìbú, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Etí yẹn ni yóò kọ́kọ́ kan òkúta gíríńdà; lẹ́yìn náà ẹ máa sọ ọwọ́ yín tí ó wà lẹ́yìn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí òkúta lè jẹ ẹ̀yìn etí náà ju etí fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju etí lọ, nǹkan bíi dígírì 8 sí 12, nítorí bí ẹ̀yìn bá ga ju etí lọ, ẹ̀yìn ni yóò máa kan irin, bíìtì kò sì ní jẹun láéláé bí ó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ yí i sí apá kejì, kí ẹ ṣe iye kan náà gẹ́lẹ́.

Ẹ máa fi omi tu ú lóòrèkóòrè kí ó tó gbóná, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti pọ́n. HSS lè fara da ooru tó nǹkan bíi dígírì 600 kí ó tó rọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹ́ kí ó gbóná gidigidi tán, tí a wá ń kì í bọ omi, ó lè sán ní ìlà tín-ń-tín tí ojú kò rí, títí ọjọ́ tí yóò fi bu nínú ihò oníhò. Bí ó bá ti gbóná báyìí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tu ú. Bíìtì tí wọ́n kọ M35 tàbí M42 sí lára ní kọ́báltì nínú, nǹkan bíi 5 àti 8 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń fara da ooru jù, ṣùgbọ́n wọ́n tètè ń kán, wọn kò sì fẹ́ dírìlì ọwọ́ tí ń gbọ̀n.

Ihò ńlá: hole saw àti dírìlì oní-mágínẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí ihò bá ti ju mílímítà 20 lọ lára irin tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti páìpù tí yóò wọ inú táǹkì, bíìtì onígolo tí à ń pè ní hole saw ni a ń lò. Eyín yíká ẹnu rẹ̀, ó sì ń gé etí òrùka nìkan. Mílímítà 50 kò yẹ kí ó kọjá 160 ní ìṣẹ́jú kan. Dírìlì ọwọ́ tí kò ní gíà ìsàlẹ̀ yóò sun ún, yóò sì tún yí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú bí ó bá gán, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ọgbọ́n kan wà tí kò wọ́pọ̀: bí òrùka náà bá ti fa ìlà sójú irin, ẹ fi bíìtì kékeré dá ihò kan lu lórí ìlà yẹn, ní apá inú rẹ̀. Èérún irin yóò máa bọ́ gba ibẹ̀ jáde, eyín kò sì ní máa jẹ èérún ara rẹ̀.

Dírìlì oní-mágínẹ́ẹ̀tì ń lo irú bíìtì òrùka bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ nípọn, ó sì ń gé irin tí ó nípọn bí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí ó ń mú un lẹ̀ mọ́ irin ni iná, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ìlú wa gidi, nítorí bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, mágínẹ́ẹ̀tì yóò tú, ẹ̀rọ náà yóò sì já bọ́. Ṣéènì ààbò tí ó bá a wá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ fi de ẹ̀rọ mọ́ irin ní gbogbo ìgbà, pàápàá bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè orí, kí ẹ má sì dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ó ń fẹ́ irin tí ó nípọn tó mílímítà 10 kí ó lè lẹ̀ dáadáa. Ọ̀dà, ìpẹtà àti èérún abẹ́ rẹ̀ máa ń dín agbára rẹ̀ kù púpọ̀, nítorí náà ẹ ha ibẹ̀ títí irin yóò fi hàn. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa jó irin kan náà tí ẹ gbé e lé, nítorí iná jíjó lè gba ara wáyà ẹ̀rọ náà padà, yóò sì jó inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gé, ẹ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí òrùka yóò fi fa ìlà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ láìdúró. Níbí, a kì í gbé e sókè sọ̀kalẹ̀ bíi ti bíìtì lásán, nítorí èérún yóò bọ́ sábẹ́ eyín, yóò sì fọ́ ọ. Bí ó bá dé òpin, irin róbótó àárín tí òrùka gé kúrò yóò já bọ́ ní gbígbóná. Ẹ mọ ibi tí yóò já sí.

Ìtọ́jú

Iná tí kò tó ń pa dírìlì ju iṣẹ́ lọ. Mọ́tò dírìlì orí tábìlì ń fẹ́ iná púpọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra, bí iná bá sì rẹlẹ̀ jù, yóò máa kùn hùùn láìyí. Ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ipò yẹn tó láti jó wáyà inú rẹ̀, owó riwáyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó mọ́tò tòkunbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e; bí ó bá tilẹ̀ tan, yóò máa gbọ̀n rìrì bí ẹ bá ti tẹ bíìtì mọ́ irin.

Nínú dírìlì ọwọ́, kábọ̀nù méjì ni ó ń gbé iná wọ inú àmátúṣọ̀, apá mọ́tò tí ń yí. Bí ẹ bá ń rí iná tí ń ṣẹ́ púpọ̀ láti inú ihò afẹ́fẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ ń dúró tí ó tún ń tan, ẹ yọ wọ́n wò. Bí ọ̀kan bá ti kúrú tó mílímítà 6, ẹ pààrọ̀ méjèèjì papọ̀, kí ẹ sì ra ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n fi fáìlì dín kù ní ṣọ́ọ̀bù máa ń há nínú ilé rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku irin àti eruku ilẹ̀ máa ń dí ihò afẹ́fẹ́ pa, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Lára ti orí tábìlì, ẹ fi àkísà olóyìílì nu òpó, àwo àti ọ̀pá tí ń sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, pàápàá lásìkò òjò. Bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ le koránkorán. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, kí ó wọlé tó mílímítà 10 sí 12. Èyí tí ó le jù ń jẹ bẹ́áríìnì, òrùka tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, èyí tí ó rọ̀ jù ń yọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi bíìtì tuntun tí ó gùn sínú ṣọ́kì, kí ẹ tan ẹ̀rọ láìfi kan irin, kí ẹ sì wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń jó bí ìrù alángbá, ẹ yọ ọ́ tún dì í. Bí ó bá ṣì ń jó, ẹ yọ ṣọ́kì kúrò lórí ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ nu ojú àwọn méjèèjì tí wọ́n ń kan ara wọn títí kò fi ní sí epo tàbí èérún kankan, nítorí gbígbẹ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó sọ pé bẹ́áríìnì ti bàjẹ́, torí èérún kan ṣoṣo tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo ti múra láti ra bẹ́áríìnì tuntun.